Ìyá Àgbà Ra Ọkọ Tuntun

Òjò ń rọ̀ lórí páànù gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé náà, nínú oṣù kẹjọ. Ọmọ mẹ́tàlélógún ló dúró níwájú mi. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún méje, èyí tó dàgbà jù jẹ́ méjìlá. Orin tuntun la fẹ́ kọ́, orin tí a sanwó fún, tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ rí láyé. Mo ti ń yangàn nínú ara mi. Ìlà kìíní lọ dáadáa, ìkejì náà lọ. Ní ìlà kẹta, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ó ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀kan ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òmíràn ti fi ìwé orin bojú.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ."

Mo ní kí wọ́n tún un kọ. Mo sì gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni "Ìyá àgbà ra ọkọ́ tuntun lọ́jà". Orin iṣẹ́ oko ni, fún Ìkórè àwọn ọmọdé. Ohun tó ń jáde lẹ́nu ọmọ mẹ́tàlélógún, ní ohùn tó dùn létí, ni pé ìyá àgbà ra ọkọ tuntun lọ́jà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin, mo sì ti rò pé mo mọ bí a ti ń yan orin fún wọn. Bí mo ti máa ń yàn án rèé: màá wo fídíò orí fóònù, màá wo ohun tí àwọn ọmọ ìjọ mìíràn kọ níbi àjọ̀dún wọn, màá ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é. Tàbí kí n mú orin àwọn àgbà, kí n yọ tẹ́nọ̀ àti báàsì kúrò, kí n kó ìyókù fún àwọn ọmọ. Ṣe ni orin tí wọ́n bá yọ báàsì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn máa ń dà bí àga tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Àwọn òbí á ṣì pàtẹ́wọ́, torí ọmọ wọn ló wà níwájú.

Ọ̀rọ̀ inú orin ńkọ́? Mo ti fi ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ orin tó ní ayé ti sú òun rí. Ayé wo ló sú u? Gúgúrú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yọ̀. Ikú, ìdájọ́, ọ̀tá ilé, ọ̀tá òde: ìyẹn ló kún inú orin tí à ń gbé fún ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ lọ́dún yẹn pé kí a wá ẹni tí yóò kọ orin tuntun fún wọn, orin tó mọ̀ pé iṣu wà, pé ọkọ́ wà, pé àgbàdo máa ń hu irùngbọ̀n.

Ìgbìmọ̀ ìkórè kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n ra òṣùpá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí owó kánópì, owó àga, owó bàlúùn àti ti abọ́ ìpín. Ìgbà tó kan owó orin, ojú wọn yí padà. "Ṣé orin tó wà nínú ìwé ò tó ni?" Bàbá kan ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa kọ orin náà fi ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ṣé oníkánópì náà ń fi tiẹ̀ ṣe ọrẹ ni?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n kọ ₦60,000 sílẹ̀. Owó tí kò tó nǹkan ni fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó san ju "Ọlọ́run á bù kún ọ" lọ.

Bí ìyá àgbà ṣe wá dẹni tó ń ra ọkọ lọ́jà, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Orí WhatsApp ni mo ti fi ọ̀rọ̀ orin ránṣẹ́ sí bọ̀dá olórin wa, bí gbogbo wa ti ń ṣe, láìfi àmì kankan sí i: "Iya agba ra oko tuntun loja." Ẹ wo "oko" yẹn dáadáa. Ó lè jẹ́ oko tí à ń dá. Ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Ó tún lè jẹ́ òmíràn tí mi ò ní kọ síbí, torí àwọn ọmọ akọrin mi náà ń ka búlọ́ọ̀gù yìí. Bọ̀dá náà mọ̀ pé ọkọ́ ni mò ń sọ, kò ya òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn orin ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn níbi tó jókòó sí nídìí kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn náà ló wá to ọ̀rọ̀ sórí ohùn. Sílébù márùn-ún tó wà nínú "ra ọkọ́ tuntun", ohùn kan ṣoṣo ló fi gbé gbogbo wọn, sọ́l inú dò-re-mí: s s s s s. Létí Yorùbá, ohùn tí kò gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀, ohùn àárín ni. Ọkọ́ bá di ọkọ.

Gbogbo ọmọ tó bá ti ṣe Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ dò-re-mí. Olùkọ́ á kọ ọ̀rọ̀ sí pátákó, wọ́n á máa pè é: ọkọ́, re-mí, ọkọ̀, re-dò, ọkọ, re-re. Tó bá di Sátidé, ọmọ yẹn kan náà á wá bá mi, èmi náà á kọ d r m sí pátákó, màá ní kó kọ ọ́ lórin. Ọmọbìnrin kan bi mí léèrè lọ́dún kan pé, "Àǹtí, ṣé mí ti kíláàsì Yorùbá nìyí, àbí m tiyín?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Kò sí ìbéèrè tó gbọ́n tó yẹn tí ẹnikẹ́ni bi mí rí nípa orin, àwọn ìgbìmọ̀ ìkórè náà kún un.

Ibì kan náà ni sọ́l-fà méjèèjì ti wá. Sarah Glover, olùkọ́ kan ní ìlú Norwich, ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀. John Curwen tó jẹ́ àlùfáà tún un ṣe ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lè kọrin láìmọ̀ bí a ti ń ka àmì orí ìlà márùn-ún. Ó bá àwọn míṣọ́nnárì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ akọrin tẹ́wọ́ gbà á, àwọn olùkọ́ èdè náà mú díẹ̀ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe àwọn méjèèjì jókòó kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti wọ Abẹ́òkúta ní 1846 la ti ń túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí a ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ohùn ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ kò kó lè wọlé. A ti mọ́ ọn lára. Ohun tí à ń kọ kì í ṣe ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n a ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ọpọlọ wa á yára tún un ṣe kó tó dé ọkàn. Ọmọdé kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà márùn-ún fi yẹ orin wa wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, èmi pẹ̀lú wọn, tí kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó rí ọkọ tuntun tí ìyá àgbà ń mú bọ̀ láti ọjà.

Àwọn kan ti rí i tipẹ́ ṣáájú wa. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, fi ohùn tí ará ìlú mọ̀ kọ orin ìjọsìn l'Ábẹ́òkúta, ní 1922 ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti gbà á sínú àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone. Thomas Ekundayo Phillips, tó wà nídìí dùùrù Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, èyí tó jáde ní 1953, pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tọ ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Kódà àwọn aláwọ̀ funfun náà ní irú wàhálà yìí. Èdè Hungary máa ń tẹnu mọ́ sílébù àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí Zoltán Kodály, olórin wọn kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ní 1925, orin ìbílẹ̀ wọn ló padà sí, torí ohùn tí wọ́n gbé wá láti Jámánì ń ṣẹ́ èdè àwọn ọmọ náà léegun. Ìgbà tí mo kà á, ó tù mí nínú díẹ̀.

Bọ̀dá olórin ò bínú. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká pe onígángan."

Bàbá onílù tó máa ń lu gángan níbi ìnáwó ládùúgbò wa, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò sì dẹ́sẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa rí. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Kí lẹ fẹ́ kó sọ?" Mo ka ìlà kan. Wọ́n fún ọsán ìlù mọ́ abíyá, wọ́n fi ọ̀pá lù ú, ìlù sì sọ ọ́, ìyá àgbà, ọkọ́, ọjà, gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo. Wọ́n tún un lù, wọ́n tẹ ọsán díẹ̀ sí i níbi ọkọ́, ohùn gòkè, kò sí ọkọ kankan níbẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ọjọ́sí ní kí wọ́n lu eléyìí tó ní ọkọ. Wọ́n lù ú. Wọ́n lu eléyìí tó ní ọkọ̀ náà. Àfi bí ẹni pé màjíìkì ni wọ́n ń wò.

Bọ̀dá wa jókòó sí kọ̀rọ̀, fóònù ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà sínú ìwé. Mo rò pé ó kàn máa kọ dò-re-mí ti olùkọ́ Yorùbá sílẹ̀ bó ti wà ni. Ó ní rárá, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ ni, kì í ṣe orin. Ó ní èdè ló ń pàṣẹ ibi tí ohùn ń lọ, sókè tàbí sílẹ̀. Bó ṣe máa ga tó, ti olórin nìyẹn. Ibi tó ní òmìnira nìyẹn, kò sì fẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ òun. Ohun tó kọ sí ìlà yẹn lẹ́yìn-ọ-rẹyìn rèé: r l r r m m s m m l r. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú "Ìyá àgbà ra ọkọ́ tuntun lọ́jà", ẹ máa gbọ́ ọ. "Yá" gbéra lọ sókè, "ọkọ́" gun àkàbà kan, "lọ́jà" fò, ó já. Gbogbo ọ̀rọ̀ dúró síbi tí ìyá wọn bí wọn sí, orin sì ni síbẹ̀.

Ìṣòro kejì kì í pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ máa ń rọra ń lọ sílẹ̀ bí gbólóhùn bá ti ń gùn. Ohùn orin tó bá tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn á tẹ̀lé e lọ sílẹ̀, pàápàá níparí ìlà. Orin wa àkọ́kọ́ parí lórí A tó wà nísàlẹ̀ C àárín lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lórin mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ohùn á pòórá, kíkùn lásán á kù, bí oyin nínú akèrègbè. Ẹni tó ń kọ orin fún ọmọdé a máa bẹ̀rù òkè nìkan, a sì máa gbàgbé ìsàlẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi ń bẹ olórin níṣẹ́ pé kí orin má lọ sísàlẹ̀ ju D tó tẹ̀lé C àárín, kó má pẹ́ lókè ju D kejì lọ, kó fọwọ́ kan E tó bá pọn dandan. Mo sì ti sọ fún ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa pé bí mo bá tún rí ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnnì tó ń yí kíì padà láàárín orin, màá fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa.

Bọ̀dá fẹ́ áátò, ohùn kejì lábẹ́ sòpúránò. Gbogbo olórin ló ń fẹ́ áátò, wọn ò gbà pé orin pé láìsí i. Mo ní kó tẹ ohun tó ní lọ́kàn fún wa. Ó tẹ̀ ẹ́: sòpúránò gòkè níbi "ọkọ́", áátò sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀, ó dùn bí oyin. Mo pín àwọn ọmọ sí méjì, wọ́n kọ ọ́. Lápá ọ̀tún, ìyá àgbà ra ọkọ́. Lápá òsì, wọ́n ra ọkọ̀. Obìnrin kan, ọjà méjì! Bọ̀dá fi ọwọ́ bo ojú.

Lílé àti gbígbè ló gbà wá. Ìyẹn ti wà nínú àlọ́ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹni kan á lé e, ìyókù á gbè é, kò sẹ́ni tó ń ba ohùn ẹnikẹ́ni jẹ́. Fún ẹsẹ tó kẹ́yìn, ó mú ọgbọ́n mìíràn wá tí mo gbé fìlà fún: ráúǹdì. Ìpín kìíní á bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá dé ìlà kejì, ìpín kejì á bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ohùn ń pàdé ohùn bí ti áátò, ṣùgbọ́n orin kan náà ni gbogbo wọn ń kọ, ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ò yí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọjọ́ tó ti wá jókòó sí kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn, ó ti mọ èwo nínú àwọn ọmọ náà ni ohùn rẹ̀ lè dúró lórí ìlà tirẹ̀ bí ilé bá ń jó. Benjamin Britten, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ orin fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní Prestatyn, láàárín 1933 sí 1935, ó sì fi ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa ń kọ́ orin sọ àkójọ náà lórúkọ. Ó mọ ẹni tó ń kọ ọ́ fún. Ní báyìí, ẹni tí kò bá lè wá jókòó ti àwọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú kó tó kọ nǹkan kan, mi ò ní bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ìwé àdéhùn tún fa ariwo díẹ̀. Ojú ewé méjì péré ni. Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, ti 2022, sọ pé bí o bá bẹ ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ níṣẹ́, ẹni tó ṣe é ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá kọ ohun mìíràn sínú ìwé. A kọ ọ́ pé àwa la máa kọ́kọ́ kọ orin náà, pé a lè da ẹ̀dà rẹ̀ kọ fún àwọn ọmọ wa, pé a lè gbé fídíò rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn Ìkórè, kó tà á fún ẹni tó bá wù ú. Bàbá tó ní kó fi ṣe ọrẹ ọjọ́sí tún dìde: "A sanwó, ẹ ní kì í ṣe tiwa?" Mo ní, sà, ẹni tó bẹ olórin wá síbi ìnáwó kò tíì ra olórin.

Ohun kan wà tí mi ò retí. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn ọmọ mi tí kì í sọ Yorùbá nílé. Wọ́n lè kọ ọ́ lórin, wọn ò lè fi ra ata. Ìyá ọ̀kan nínú wọn pè mí lọ́sẹ̀ tí a ku ọjọ́ mẹ́wàá sí Ìkórè. Ó ní àwọn ń kọjá lọ níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ní Bódìjà, ọmọ náà na ìka jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ní, "Mummy, ọkọ́!" Re-mí, ó gún régé. Ìyá ní òun gan-an kò rántí ìgbà tóun ti pe orúkọ nǹkan náà gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ìkórè, wọ́n mú iná lọ níbi tí ráúǹdì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kú. Bàbá onílù, tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ òpó, fún ọsán, ìlù sì pe ìyá àgbà fún wọn. Àwọn ọmọ gbà á níbẹ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ohùn kí wọ́n tó parí, mo gbọ́ ọ, bọ̀dá náà gbọ́ ọ, a wo ara wa. Kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìsìn, tí à ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn ilé. Mẹ́fà tàbí méje nínú àwọn ọmọkùnrin, abọ́ lọ́wọ́, ń kọ orin náà tìdùnnú-tìdùnnú, s s s s s, gẹ́gẹ́ bó ti wà lọ́jọ́ òjò yẹn. Ìyá àgbà ti ra ọkọ tuntun, wọ́n ti fi ẹsẹ kan kún un fúnra wọn, níbi tí ọkọ náà ti ń ná owó orí ara rẹ̀. Mo yíjú, bọ̀dá olórin dúró lẹ́yìn mi, ó ti fi ṣíbí sílẹ̀.

Ó ní, "Mà, ta ló wá ni ẹ̀tọ́ orí ìyẹn?"